Ilé Méjì nínú Ẹ̀rọ Kan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí sí yín, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹsẹ̀ mi kan ti wọ inú kòtò náà rí, díẹ̀ ló sì kù kí èkejì bá a lọ. Kì í ṣe kòtò ojú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kòtò ìfẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé wa yìí lọ́dọọdún. Kòtò inú kọ̀ǹpútà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí èyí ṣí ojú ìwé mìíràn o, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ohùn ìyá tó bí ìyá mi, ó sì kan èdè tí gbogbo wa wá kọ́ níhìn-ín.

Ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Ní àdúgbò Ìtòkò, níbi tí ilé wa wà, Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àwa ọmọ ilé sì ń pè é ní Bàbá Tíṣà. Ní 2013, ó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, MacBook Pro, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé jáde ní oṣù kẹfà 2012. Owó tí ó ná lé e lórí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kò fi rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ náà rárá fún ọdún méjì gbáko. Ṣùgbọ́n Bàbá Tíṣà mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Láti 2015, kò sí ọjọ́ Sátidé tí kì í wọ mọ́tò lọ sí abúlé wa ní agbègbè Ọbáfẹ́mi, láti lọ gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀: oríkì ìdílé wa, orúkọ àwọn baba ńlá, àlọ́, orin, àti bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń pa aró nígbà tí wọ́n ń ṣe àdìrẹ. Bí ó bá padà délé, yóò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí Ìyá Àgbà ṣe sọ ọ́ gan-an, ní ẹnu Ẹ̀gbá, láìfi èdè ilé-ìwé tún un ṣe. Níbi tí àwa yóò ti kọ “wọn”, tí Ìyá Àgbà pe “wẹn”, “wẹn” náà ni Bàbá Tíṣà kọ. Wákàtí 21 ni gbogbo ohùn náà.

Ìyá Àgbà kú ní 2017. Bàbá Tíṣà tẹ̀ lé e ní 2021. Ní 2023, nígbà tí mo wọ ọdún kejì ní Yunifásítì, ìyàwó Bàbá Tíṣà ránṣẹ́ pè mí, ó gbé ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú okùn iná rẹ̀ tí wọ́n ti fi téèpù dì ní ojú méjì. Ó ní, “Ìwọ lò ń kọ́ èdè nínú ilé yìí. Wá gbé orogún mi lọ.”

Bí orogún ìyá ṣe di tèmi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, ó dà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun nílé onílé: kò tíì mọ ibi tí ó wà. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni pé yóò wá díìsìkì tí ètò ìdarí wà nínú rẹ̀. Ètò ìdarí yìí ni ó ń kọ́ ọ bí a ti ń fi lẹ́tà hàn lójú gíláàsì, bí a ti ń mọ ohun tí ìka tẹ̀, àti bí a ti ń ṣí fáìlì. Díìsìkì tí ó bá ti inú rẹ̀ jí ni ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí díìsìkì bá jẹ́ méjì, tí ètò ìdarí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà nínú wọn, ilé méjì ni ẹ̀rọ kan náà ní nìyẹn, ẹni tí ó ni ín ni yóò sì sọ ilé tí yóò jí sí.

Ètò ìdarí tí Bàbá Tíṣà fi sílẹ̀ ń jẹ́ Mojave, ti 2018. Kò ṣàdédé dúró síbẹ̀. Ó ní ètò kékeré kan tí ó fi so ohùn Ìyá Àgbà mọ́ ìwé, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí o bá tẹ ìlà kan, ohùn ìlà náà gan-an ni yóò dún sí ọ létí. Ètò àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ti bíìtì 32, Mojave ni ó sì gbẹ̀yìn nínú àwọn ètò ìdarí Apple tí ó gba irú wọn láyè. Nígbà tí Catalina dé ní 2019, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn. Ẹ̀wẹ̀, Bàbá Tíṣà kò kọ Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà bí àwa ṣe ń kọ ọ́ lónìí. Fọ́ǹtì àtijọ́ kan tí ó ti mọ̀ lára ni ó ń lò, nínú èyí tí wọ́n ti gbé ẹ àti ọ àti ṣ sí ipò àwọn àmì mìíràn. Bí a bá gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ibi tí fọ́ǹtì náà kò sí, àmì owó òyìnbó àti ìlà wíwọ́ la óò máa rí níbi tí ó yẹ kí oríkì wà, bí ẹni pé ọmọ ọdún méjì ló jókòó ti ẹ̀rọ.

Inú Mojave nìkan, nígbà náà, ni Ìyá Àgbà ti ń sọ̀rọ̀ tí ó já gaara. Ṣùgbọ́n ayé kò dúró de Mojave. Láti 2023, Chrome tuntun kò gbà á mọ́. Ojú-ewé tí mo gbọ́dọ̀ ṣí fún ẹ̀kọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá sì ní kí n gbé ẹ̀rọ náà lọ sókè, òfin Apple ni pé ẹ̀rọ 2012 yìí kò gbọdọ̀ kọjá Catalina, Catalina náà sì ti di arúgbó. Èmi nìkan kọ́ ni irú èyí bá. Ní oṣù kẹwàá 2025, ní ọjọ́ 14, Microsoft náà dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ Windows 10 tí gbogbo ènìyàn ń rí gbà dúró, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí ara wọn ṣì le koko ló sì wà tí Windows 11 kò gbà wọlé. Ẹ̀rọ kò kú, ṣùgbọ́n wọn kò ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn alààyè mọ́.

Ìsinmi 2024 ni mo gbé e lọ bá oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Panṣẹ́kẹ́. Mo ní, “Bọ̀dá, ṣé kò kúkú ní dára kí a pa ohun gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́tun?”

Ó ní, “Àbúrò, kí ló wà nínú rẹ̀?”

Mo ní, “Ohùn ìyá ìyá mi ni.”

Ó gbé irin tí ó mú lọ́wọ́ sílẹ̀, ó wò mí. “A ò kì í wó ilé lé àgbà lórí torí pé a ń kọ́ tuntun,” ni ohun tí ó sọ.

Òun ni ó sọ̀rọ̀ OpenCore Legacy Patcher fún mi. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Dortania ni ó ṣe é, wọ́n sì ń fi í fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí iṣẹ́ alárinà ìgbéyàwó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá ètò ìdarí tuntun sọ̀rọ̀ títí yóò fi gba ẹ̀rọ àtijọ́ láyè. Lẹ́yìn náà, ó ń dá àwọn ohun tí Apple ti yọ kúrò nínú ètò tuntun padà sí àyè wọn. Bí àpẹẹrẹ, èròjà Intel HD 4000 ni ó ń ya àwòrán sójú gíláàsì ẹ̀rọ tèmi. Láti Monterey, ti 2021, Apple ti yọ ohun tí ó ń mú un ṣiṣẹ́ kúrò. OpenCore Legacy Patcher ni ó ń dá a padà. Monterey náà ni a sì yàn, nítorí pé mẹ́mórì 8 GB tí ẹ̀rọ mi ní lè gbé e láìmí gúlegúle.

Bọ̀dá yìí tú ìdí ẹ̀rọ náà. Ó yọ díìsìkì àtijọ́, tí ó jẹ́ 500 GB, ó fi ìgbàlódé tí kì í yí, 240 GB, sí àyè rẹ̀. Ó wá yọ ibi tí a ń ki síídì bọ̀, èyí tí n kò lò rí láyé mi, ó sì fi irin pẹlẹbẹ kan gbé díìsìkì àtijọ́ náà síbẹ̀. Bí díìsìkì méjèèjì ṣe wà nínú ikùn kan náà nìyí. Kí n tó kúrò, ó fi òfin mẹ́ta lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo sí ibòmíràn. Ó ní kí n sọ díìsìkì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́ fi ètò tuntun sí i, kí n gbé e padà wá kí òun yọ ti àtijọ́ kúrò ná.

Mo ní mo gbọ́. N kò ní owó díìsìkì tí mo fẹ́ ṣe ẹ̀dà sí. Ti orúkọ, mo kà á sí àṣejù. Ti kí n padà wá, owó mọ́tò ni mo rò. Ọmọdé gbọ́n, ó gbọ́n tán lójú ara rẹ̀.

Òru ọjọ́ Ẹtì kan ni mo yàn, nítorí pé òru ni détà ń rọjú. Monterey tí mo gbà wálẹ̀ tó 12 GB. Owó tí mo san lé e, oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni. Mo kó o sórí fíláàṣì 16 GB, mo fi OpenCore sórí fíláàṣì kan náà. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, mo tẹ bọ́tìnnì Option mọ́lẹ̀ títí àwọn àwòrán díìsìkì fi tò sójú gíláàsì. Mo gba ti OpenCore kọjá, mo dé inú ilé iṣẹ́ Monterey, mo sì ṣí ibi tí a ti ń nu díìsìkì mọ́ kí a tó kọ́lé tuntun sínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti bá méjèèjì. Díìsìkì Bàbá Tíṣà ń jẹ́ Macintosh HD, orúkọ tí gbogbo díìsìkì Apple ń jẹ́ láti ilé wá. Nígbà tí mo ń pèsè díìsìkì tuntun sílẹ̀, èmi náà sọ ọ́ ní Macintosh HD, mo rò pé òfin ni. Bí Táyé àti Kẹ́hìndé tí wọ́n wọ aṣọ kan náà ni wọ́n ṣe jókòó síwájú mi. Oorun ń kùn mí. Mo yan ti òkè. Mo tẹ Erase. Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú. Mo gbé ìka mi sókè láti tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì mú iná lọ.

Bátìrì ẹ̀rọ náà ti kú tipẹ́. Bí iná bá ti lọ, òun náà lọ. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ṣépè fún gbogbo ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ iná láti Láfẹ́nwá títí dé Kútọ̀. Mo sùn pẹ̀lú ìbínú.

Agogo mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni iná dé. Mo tún un tàn, mo padà síbi tí mo dé. Ṣùgbọ́n ojú mi ti là, mo sì wo nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ orúkọ wọn. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 240 GB. Ti òkè, tí mo yàn lóru, jẹ́ 500 GB.

Ọwọ́ mi tutù. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo jáde lọ jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé. Ìyá mi gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá fún mi, ó bi mí pé, “Àjàní, ṣé ara rẹ yá?” Mo ní ara mi yá. N kò sọ fún un pé àìsí iná ni kò jẹ́ kí n fi ìka kan ṣoṣo pa ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò tíì sọ ọ́. Bóyá inú ìwé yìí ni yóò ti kà á. Mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn oníná, ní òru ọjọ́ kan yẹn nìkan.

Mo padà sí Panṣẹ́kẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bọ̀dá kò bú mi. Ó tú ìdí ẹ̀rọ, ó yọ díìsìkì àtijọ́, ó fi bébà wé e, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. “Gbé e dání,” ó ní, “kí o lè mọ bó ṣe wúwo tó.” Kò wúwo. Kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Mo fi í sí àpò ṣòkòtò mi, mo wọ mọ́tò dé Ìtòkú, mo sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e.

Àwọn ìyá aládìrẹ ti pàtẹ ní Ìtòkú, Olúmọ sì ń wò wá láti òkè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orúkọ tí Bọ̀dá sọ ti yé mi. Nígbà tí ogun tú ilé àwọn baba wa ká nínú igbó Ẹ̀gbá, tí wọ́n bá Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ohun púpọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n wọn kò fi orúkọ sílẹ̀. Ará Aké dó, ó pe ibùdó rẹ̀ ní Aké. Ará Ìjẹmọ̀ pe tirẹ̀ ní Ìjẹmọ̀, ará Ìtòkò pe tirẹ̀ ní Ìtòkò. Àwọn Òwu dé lẹ́yìn wọn, Òwu náà ni wọ́n ń jẹ́. Odi kan ló yí gbogbo wọn ká, síbẹ̀ títí di òní olónìí, Aláké wà, Ọ̀ṣilẹ̀ wà, Àgùrá wà, Olówu wà. Bí gbogbo wọn bá ti dé, tí wọ́n ní Abẹ́òkúta nìkan ni orúkọ àwọn, ta ni ìbá lè júwe ilé baba rẹ̀ lónìí? Ohun tí a bá kó jọ sí ojú kan ni ó ń fẹ́ orúkọ jù.

Nígbà tí mo délé, mo yá díìsìkì òde kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tí ó máa ń ya fọ́tò ìgbéyàwó. Mo so díìsìkì àtijọ́ mọ́ ẹ̀rọ láti ìta, mo jí ẹ̀rọ láti inú rẹ̀, mo sì ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo. Ó gbà mí ní ọ̀sán kan àti ìdajì òru. Lẹ́yìn náà ni mo sọ wọ́n lórúkọ. Èyí àtijọ́, mo pè é ní Ìyá Àgbà. Èyí tuntun, mo pè é ní Àjàní. Mo wá yọ Ìyá Àgbà kúrò, mo fi í sínú àpótí aṣọ ìyá mi, mo sì fi ọkàn balẹ̀ kọ́ Monterey sínú Àjàní.

Ẹ má rò pé ìyọnu ti tán. Nígbà tí Monterey jí tán, tí ó kí mi, inú mi dùn, mo yọ fíláàṣì, mo sì pa ẹ̀rọ. Nígbà tí mo tún un tàn, àmì róbótó kan tí ìlà dá sí méjì ni mo rí lójú gíláàsì, bí irú àmì tí wọ́n ń rì sẹ́bàá títì pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Alárinà ni mo yọ sọ́wọ́! Orí fíláàṣì ni OpenCore wà. Bí fíláàṣì bá kúrò, kò sí ẹni tí yóò bá Monterey sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́, òun náà sì kọ̀ láti bá ẹ̀rọ àtijọ́ lò. Gbogbo díìsìkì tí a bá pín bí Apple ṣe ń pín in ni ó ní yàrá kékeré kan tí ó fara pamọ́, nǹkan bíi 200 MB, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ EFI. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí alárinà máa gbé. Mo ki fíláàṣì padà, mo fi í jí ẹ̀rọ, mo sì gbé OpenCore sínú yàrá EFI ti Àjàní. Láti ọjọ́ náà, n kò nílò fíláàṣì mọ́, ṣùgbọ́n mo so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá mi. Ẹni tí odò ti gbé lọ rí kì í fi ọ̀pá ìtilẹ̀ sílé.

Nísinsìnyí, ilé méjèèjì ti wà ní àlàáfíà, Bọ̀dá sì ti dá Ìyá Àgbà padà sínú ẹ̀rọ. Bí mo bá tan ẹ̀rọ, tí mo tẹ Option mọ́lẹ̀, àwọn ilẹ̀kùn yóò tò síwájú mi. Bí mo bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ilẹ̀kùn tirẹ̀ gan-an ni mo ń gbà, nítorí pé Mojave àti ẹ̀rọ yìí ti mọ ara wọn, wọn kò fẹ́ alárinà. Bí mo bá fẹ́ lọ sí ilé tuntun, EFI Boot ni mo ń gbà kí n tó yan Àjàní. Ilẹ̀kùn tí mo bá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbà lójoojúmọ́, bọ́tìnnì Control ni mo ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó tẹ Enter lé e. Ohun kan wà tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí mo bá wà nílé Àjàní, mo ń rí gbogbo ohun tí ó wà nílé Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà nílé Ìyá Àgbà, Mojave yóò sọ fún mi pé díìsìkì kan wà níbẹ̀ tí òun kò mọ ìṣe rẹ̀. Àgbàlagbà kò dá ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀. Ọmọ ni ó yẹ kí ó dá àgbà mọ̀.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí àtúnṣe kan bá wọ inú Monterey, ó máa ń nu ohun tí alárinà dá padà nù, ojú gíláàsì á sì máa fà bí ìgbín títí mo fi tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Apple fúnra rẹ̀ sì ti dáwọ́ àtúnṣe Monterey dúró báyìí. Nítorí náà, n kì í ṣe ọ̀rọ̀ báǹkì lórí ẹ̀rọ yìí, n kì í sì í ṣí ìwé ẹni tí n kò mọ̀. Ní ti Mojave, n kì í so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Àgbà ni, n kò fẹ́ kí ó máa dá rìn lóru.

Ẹ lè bi mí pé kí ni èrè gbogbo wàhálà yìí. Èrè rẹ̀ ni pé mo jókòó sílé Ìyá Àgbà, mo ń gbọ́ ìlà kan, mo ń dà á kọ, mo sì ń gbé e lọ sílé Àjàní, níbi tí mo ti ń tún un tẹ̀ ní ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé lè kà. Pátákó ABC Extended tí Apple ṣe ni mo ń lò: Option àti x fún àmì abẹ́ lẹ́tà, Option àti e fún ohùn òkè, Option àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ fún ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa mọ̀ pé ẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú ìwé nọ́ńbà àwọn oníkọ̀ǹpútà. Àmì méjì ni a ń gbé lé ara wọn kí ó tó pé. Iṣẹ́ suuru ni. Nínú wákàtí 21, mo ti parí 9.

Ìlú tiwa ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, ó sì parí ní 1867 nígbà tí rògbòdìyàn lé àwọn ajíhìnrere òyìnbó kúrò nílùú. Irin tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kò sí lọ́wọ́ wa mọ́, síbẹ̀ a ṣì lè ka ohun tí ó kù níbẹ̀, nítorí pé bébà kò béèrè irin tí ó tẹ̀ ẹ́ kí ó tó jẹ́ kí a kà á. Ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ohun tí ó bí i bá kú kí a tó dà á kọ, ó di odi. Ìdí nìyí tí n kò fi lè tètè wó ilé àtijọ́. Ìdí náà sì nìyí tí n kò fi gbọdọ̀ sùn sínú rẹ̀, kí n máa rò pé yóò dúró títí láé. Díìsìkì 2012 ni. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò tẹ Option tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní yọjú. Mo fẹ́ kí wákàtí 12 tí ó kù ti kúrò níbẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kí ìsinmi náà tó parí, mo gbé ẹ̀rọ náà lọ bá ìyá mi níbi tí ó ti ń ṣa ẹ̀wà, mo sì fi ohùn àkọ́kọ́ tí Bàbá Tíṣà gbà sílẹ̀ hàn án. Adìyẹ ń ké nínú rẹ̀, ẹnì kan ń gún nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá Àgbà kò tíì bẹ̀rẹ̀ oríkì. Ó kọ́kọ́ bi ọmọ rẹ̀ pé, “Ṣé ẹ̀rọ rẹ yìí ń gbọ́ mi?”

Ìyá mi kò dá ọwọ́ ẹ̀wà ṣíṣà dúró. Ó ní, “Ó ń gbọ́ yín, Ìyá.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé nínú yín ni ẹni tí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù àtijọ́ wà nílé rẹ̀, lábẹ́ ibùsùn tàbí nínú àpótí, tí ó ti pinnu láti tà á fún oníkọ̀ndẹ̀mù. Kí ó tó tà á, kí ó tàn án wò. Kí ó bi ara rẹ̀ ta ni ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí ó ṣe ẹ̀dà, kí ó fún díìsìkì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, kí ó sì wo nọ́ńbà abẹ́ orúkọ náà dáadáa kí ó tó tẹ ohunkóhun. Mo ń sọ eléyìí nítorí pé kì í ṣe gbogbo òru ni wọ́n máa ń mú iná lọ ní àsìkò.